Ta Ló Ń Ṣọ́ Owó Ìlú?
Ìwé ìlàlóye fún òṣìṣẹ́ ìjọba àti ará ìlú

Ọ́dítọ̀ kì í ṣe ọlọ́pàá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ohun tó wà nínú ìwé wé ohun tó wà nílẹ̀, kó sì jábọ̀ fún ẹni tó ni owó. Ará ìlú ló ni owó ìpínlẹ̀. Ìdí nìyí tí abala 125 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ní kí Ọ́dítọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ jábọ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láàárín 90 ọjọ́ tí ìwé ìṣirò owó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Òfin yìí kan náà ni kò fún ẹnikẹ́ni, títí kan gómìnà, láyè láti pàṣẹ fún un lórí iṣẹ́ náà.

Ọ́dítọ̀ inú ilé yàtọ̀. Òun ń yẹ fáúṣà, ìyẹn ìwé ìsanwó, wò kí owó tó jáde. Ọ́dítọ̀ ti òde, irú Ọ́dítọ̀ Àgbà, ń dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ná an.

Má dá iṣẹ́ owó ṣe tán fúnra rẹ

Ká ní lítà 200 epo jẹnẹrétọ̀ la fẹ́ rà. Ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ á kọ̀wé béèrè, ọ̀gá á buwọ́ lù ú, káṣíà á sanwó, olùtọ́jú sítọ̀ á wọn epo nígbà tó bá dé, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí fáúṣà bá ní 200, tí ìwé sítọ̀ ní 150, àṣírí ti tú nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè, tó buwọ́ lù ú, tó sanwó, tó tún gba epo, ìwé rẹ̀ á gún régé, kò sì sí ẹni tó máa mọ iye tó wọ táńkì. A mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kì í tó ní ọ́fíìsì kékeré. Ẹ kúkú rí i dájú pé ẹni tó ń sanwó kọ́ ló ń gba ọjà.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́?

Láti ọdún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń gbé owó oṣù sórí ètò ìsanwó orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní IPPIS, kí ayédèrú òṣìṣẹ́ lè kúrò nínú ìwé. Síbẹ̀, orúkọ tí wọ́n bá tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ló máa sanwó fún. Ẹni tó ń fi orúkọ kún un kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí owó.

Kọ̀ǹpútà ń kọ ẹni tó wọlé, aago tó wọlé àti ohun tó yí padà sílẹ̀. Bí ẹni márùn-ún bá ń lo password kan, orúkọ ẹni tó ni ín ni ọ́dítọ̀ máa bá níbẹ̀, òun náà ló máa ròjọ́. Nítorí náà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní password yín, ìbáà ṣe àgùnbánirọ̀ tó ń bá yín tẹ̀wé. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fẹ̀yìn tì ni kí ẹ ti tirẹ̀ pa.

Ẹ máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín síbòmíràn, ẹ sì máa ṣí i wò lóòrèkóòrè. Ẹ̀dà tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lábẹ́ kọ̀ǹpútà kan náà á bá a jóná ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe náwó

Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá yín lóhùn bí ẹ bá béèrè ìwé ìnáwó rẹ̀. Kò di dandan kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè wá fẹnu sọ ìbéèrè rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ ló máa kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fún un ní ẹ̀dà kan.