Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Owó Wa Sílẹ̀

 

Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Tíránsífà ò lọ, áláàtì ò wọlé, ẹ̀rọ POS kàn ń yí lásán. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé fóònù wa ló bà jẹ́. Kì í ṣe fóònù rárá. Lábẹ́ òkun lọ́hùn-ún, lápá Abidjan ní Côte d'Ivoire, ni okùn ńlá 4 ti já: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Inú irú okùn bẹ́ẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kan Nàìjíríà, ó kan Gánà, ó kan Bẹ̀nẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ní láti lọ fa okùn náà sókè kí wọ́n tó tún un so, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ni.

Lọ́jọ́ yẹn, a gbé ọjà fún oníbàárà, wọ́n ní owó ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Owó ò dé. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, a ò mọ ti ta ló wọlé, a ò mọ ti ta ni ò wọlé, torí áláàtì nìkan la fi ṣe ìwé. Ó dìjà. Oníbàárà ọdún pípẹ́ ń pe ara wọn lólè.

Ìyẹn kọ́ nìgbà àkọ́kọ́. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó náírà wọ́n, tí gbogbo ayé sáré sí tíránsífà, ṣebí owó há sójú ọ̀nà bákan náà?

Ohun tá a fẹnu kò sí rèé:

1. Ká ra ìwé. Orúkọ ẹni tó rajà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, iye owó, ọjọ́ àti aago, ká kọ gbogbo ẹ̀.
2. Tí áláàtì ò bá tíì dé, àwìn ni. Kí oníbàárà fọwọ́ sí i.
3. Lálẹ́, ká da gbogbo ẹ̀ kọ sínú ìwé kejì tó wà nílé. Iná tó bá jó ìsọ̀ ò ní jó tilé.
4. Ká má kó gbogbo owó sí báńkì kan ṣoṣo, ká sì máa ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ fún ṣéńjì.

Ẹni tí ò mọ̀wé kọ, kó pe ọmọ ẹ̀ kó bá a kọ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú ni ká ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ká má mọ ẹni tó jẹ wá lówó.

Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ọjà wa o.