Ta Ló Kọ́ Wa Ní Kíkó Ìwé Àkọ́tẹ̀ Jọ?

Lórí àtẹ bàbá kan tó ń ta ìwé àlòkù n'Ìbàdàn ni mo ti rí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kan tí èèpo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya tán. Mo béèrè bóyá àkọ́tẹ̀ ni. Bàbá ò tilẹ̀ wo èèpo náà. Wọ́n ṣí ewé àkọ́kọ́, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ti Nelson lèyí. Ti CMS lò ń wá, o ò sì ní í rí i lọ́wọ́ mi."

Ilé ìtàwé CMS l'Ékòó ló kọ́kọ́ gbé ìwé Fágúnwà yìí jáde ní 1938. Ti Nelson tí ọ̀pọ̀ wa bá nílé ẹ̀kọ́, 1950 ló dé. Ìtàn ọdẹ Àkàrà-ògùn ló wà nínú méjèèjì, àmọ́ lójú ẹni tó ń kó àkọ́tẹ̀ jọ, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Ti 1938 ò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹ̀gbọ́n á kà á, á fà á fún àbúrò, àbúrò á yá ọmọ ìyá ìyàwó. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá já, ikán á gba díẹ̀, alákàrà á gba ìyókù. Ìwé táwọn èèyàn ò fẹ́ràn ló máa ń pẹ́ nílẹ̀.

Láti orí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther tẹ̀ ní 1843, dé Ìwé Ìròyìn Townsend l'Ábẹ́òkúta ní 1859, dé ìwé ìtàn Yorùbá ti Johnson ní 1921, ìwé títẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa. Ta ló wá kọ́kọ́ ń kó wọn pa mọ́?

Orúkọ tí wọ́n sábà máa ń dá ni ti Henry Carr. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1863. Ó kàwé ní Fourah Bay ní Sàró, ó ṣe alábòójútó ilé ẹ̀kọ́, ìjọba sì fi í ṣe Rẹ́sídẹ́ǹtì Èkó ní 1918. Ìwé tó kó jọ tó nǹkan bí 18,000. Ṣùgbọ́n ìjà rẹ̀ ni mo fẹ́ràn láti máa sọ. Herbert Macaulay, tí ọmọbìnrin Bíṣọ́ọ̀bù Crowther bí, ò fẹ́ rí i sójú. Ẹ̀yìn Ẹlẹ́kọ Èṣùgbàyí, ọba Èkó, ni Macaulay wà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Carr ń bá ṣiṣẹ́. Ní 1924, Macaulay tẹ ìwé pélébé kan, ó pè é ní Henry Carr Must Go, pé kí Carr palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ọdún yẹn náà ni Carr fi ipò sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ti Macaulay á ní ìwé yẹn ló lé e; ẹni tó bá jẹ́ ti Carr á ní ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ìsinmi ló kàn. Èmi ò bá wọn dá sí i. Carr kú ní 1945, Macaulay ní 1946. Ìjọba ra ìwé Carr, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi pilẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí à ń pè ní Kenneth Dike lónìí. Ta ni ìwé àti lẹ́tà rẹ̀ tún dé síbẹ̀ lẹ́yìn náà? Macaulay! Wọ́n jọ wà lábẹ́ òrùlé kan báyìí, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí ẹnì kejì jáde. Ìwé pélébé tí wọ́n fi bú Carr náà ti wá di ohun tí àwọn olùkówèéjọ ń wá.

Síbẹ̀, kíkà ni mo rò pé Carr ń kó ìwé rẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ àkọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó ló ti wá. Àwọn ni wọ́n ń wá ìwé Amos Tutuola tí Faber tẹ̀ ní London ní 1952, tí wọn á sì béèrè bóyá bébà tí wọ́n fi wé e ṣì wà lára rẹ̀. Ìwé aláwòrán náà ní àwọn tó ń wá a: àwọn ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, ń tẹ̀ n'Ìbàdàn láti 1961, àti Ògbójú Ọdẹ tí Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, tí Bruce Onobrakpeya ya àwòrán sí. Mo mọ ẹni tó ní àwòrán yẹn lòun ń rà, pé Yorùbá lòun á ti ka ìtàn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Àríyànjiyàn kan ṣì wà nílẹ̀. Àwọn kan ní Fágúnwà kọ́ ló yẹ kó ṣáájú lórí pẹpẹ, pé Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tó di ìwé ní 1930, ló jù ú lọ́jọ́ orí. Òótọ́ ni. Lẹ́tà ni wọ́n fi gbé ìtàn náà kalẹ̀, bí ẹni pé aṣẹ́wó àgbà kan ló ń jẹ́wọ́, àwọn òǹkàwé mìíràn sì gbà pé obìnrin náà wà láyé.

Wọ́n ní àwọn olówó òde òní ti ń ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú gíláàsì ní pálọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i. Bébà tí wọ́n fi ń wé ìwé, tí wọ́n ń náwó sí yìí, àwa ọmọ iléèwé la kọ́kọ́ ń bọ́ ọ jù nù, ká tó fi kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá wé ìwé. Ó jọ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ.