Ẹ̀rọ Tí Ó Mọ Ẹgbẹ́ Ṣe

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá borí, báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ gan-an, àti ẹni tí ó kàn fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù?

Ìbéèrè yìí dé ibi ìdíje RoboCup, níbi tí àwọn rọ́bọ́ọ̀tì ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tí kọ̀ǹpútà inú wọn sì ń darí wọn. Ní ọdún 2013, ní ìlú Eindhoven ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n ṣa rọ́bọ́ọ̀tì láti inú ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n kó wọn pọ̀ láìsí ìdánrawò. Bí eré kan bá parí, wọ́n a pààrọ̀ àwọn tí yóò jọ gbá èyí tí ó tẹ̀ lé e.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ẹni tí ó bá akọni rìn lẹ́ẹ̀kan lè pín nínú ògo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ibikíbi tí a bá fi í sí bá sábà ń borí, ọwọ́ tirẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ṣírò góòlù. Àwọn adájọ́ sì tún fún rọ́bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní máàkì fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ. Bí a bá rán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ yọ ẹni tí ilé wó lù, èyí tí kò mọ ẹgbẹ́ ṣe lè fi ẹ̀mí ṣòfò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ ọwọ́ tí a ń kó jọ.