Ìdí tí Yunifásítì Hofstra fi pa ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ tì, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún oníṣòwò

Láti ọdún 1937 ni Yunifásítì Hofstra, tó wà ní Hempstead, ní ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá o. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń gbá mọ́yà sáré ni. Ní ọjọ́ kẹta, oṣù Kejìlá, ọdún 2009, àwọn aláṣẹ kéde pé àwọn ti fòpin sí i.

Ọ̀rọ̀ náà ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, nítorí ẹgbẹ́ tó lórúkọ ni. Ibẹ̀ ni Wayne Chrebet ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ sí New York Jets. Ibẹ̀ náà ni Marques Colston ti jáde, ẹni tí òun àti New Orleans Saints gba ife Super Bowl ní oṣù Kejì, ọdún 2010.

Kí ló wá dé? Ìṣirò owó ni. Stuart Rabinowitz, tó jẹ́ ààrẹ yunifásítì náà nígbà yẹn, ṣàlàyé pé ọdún méjì ni wọ́n fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.5 dọ́là ni ẹgbẹ́ yìí ń ná wọn lọ́dọọdún. Owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ń bẹ níbẹ̀, owó oṣù kóòṣì ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń bá figagbága wà láti Maine títí dé Virginia. Àwọn òǹwòran kò sì pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá kì í sábà wá.

Ilé-ẹ̀kọ́ ńlá bíi Ohio State ń pa owó gọbọi lórí tíkẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n. Hofstra kò sí ní ipò yẹn, ìwọ̀n eku sì nìwọ̀n ìtẹ́. Northeastern ní Boston, tí wọ́n jọ wà nínú líìgì kan náà, ti pa tirẹ̀ tì ní oṣù tó ṣáájú.

Hofstra kò já àwọn ọmọ náà jù sílẹ̀. Ẹni tó bá dúró ṣì ń jẹ ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù níbòmíràn láǹfààní láti lọ. Wọ́n ní ètò ẹ̀kọ́ àti ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ aláìní ni àwọn yóò fi owó náà ṣe.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún ẹ̀yin oníṣòwò kékeré. Àkọ́kọ́, ẹ máa kọ ìṣirò ọjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni tó ń ta aṣọ, tó tún ń ta omi inú ọ̀rá, tó ń da owó méjèèjì pọ̀ sínú àpótí kan, kò ní í mọ èyí tó ń jẹ èrè èkejì. Ìkejì, òkìkí kì í ṣe èrè. Àmọ́ ẹ má kánjú: ọjà tí kò mówó wọlé lè jẹ́ òun ló ń fa oníbàárà wá ra èyí tó kù, nítorí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó pa á tì. Ìkẹta, bí ẹ bá fẹ́ pa á tì, ẹ ti ṣètò àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ẹ sì ti mọ ibi tí owó náà yóò lọ.