Ọjọ́ Orí àti Gbígbó: Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Agbára Kọnkéré

Ìfáárà

Àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ni kọnkéré. Ọjọ́ ni àwọn ọ̀mọ̀lé sábà fi ń ka agbára rẹ̀: ọjọ́ 7, ọjọ́ 28. Ṣùgbọ́n ọjọ́ nìkan kò tó ṣe ẹlẹ́rìí. Àgbàdo tí a gbìn ní ọjọ́ kan náà sí ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í gbó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kọnkéré rí. Èdè Yorùbá ti ya 'ọjọ́ orí' sọ́tọ̀ kúrò lára 'gbígbó', orí ìyàtọ̀ yìí sì ni ọ̀nà ìdíwọ̀n tí a ń ṣàlàyé níhìn-ín dúró lé. 'Gbó' ti àgbàdo ni, kì í ṣe 'gbó' ti aṣọ.

Iṣẹ́ Omi àti Ooru

Kì í ṣe gbígbẹ ni ó ń mú kọnkéré le. Omi àti sìmẹ́ńtì ni ó ń para pọ̀ di ohun tuntun tí ó so yanrìn àti òkúta pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń bomi rin ín. Ooru a máa mú kí iṣẹ́ yìí yá. Òtútù a máa fà á sẹ́yìn.

Ìṣirò Gbígbó

Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí fífi ooru omi híhó mú kọnkéré yára le ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nurse (1949) àti Saul (1951) fi hàn pé a lè pa ooru àti àkókò pọ̀ di iye kan ṣoṣo. A ó fi 10 kún ìwọ̀n ooru inú kọnkéré ní dígírì Sẹ́ńtígíréèdì, nítorí pé dígírì 10 nísàlẹ̀ òdo ni a sábà kà sí ibi tí iṣẹ́ náà ti ń dúró. Lẹ́yìn náà, a ó fi iye wákàtí sọ ọ́ di púpọ̀. Kọnkéré tí ó wà ní dígírì 30 fún wákàtí 24 yóò ní 40 × 24, èyí tí í ṣe 960. Èyí tí ó wà ní dígírì 10 yóò ní 20 × 24, tí í ṣe 480 péré. Wákàtí 48 ni yóò fi bá èkíní.

Iye yìí kò tíì di agbára. A ní láti kọ́kọ́ mọ ìṣù kéékèèké láti inú àpòpọ̀ kan náà, kí a máa fọ́ wọn ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì ya àtẹ ohun tí a rí. Bí àpòpọ̀ bá yí padà, àtẹ náà kò wúlò mọ́. Bí omi bá tán lára kọnkéré, bí ó ti lè rí nígbà ọyẹ́, ìṣirò náà yóò purọ́. Ooru àpọ̀jù ní ìbẹ̀rẹ̀ sì lè dín agbára ìkẹyìn kù.

Ẹ̀kọ́ Willow Island

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 1978, àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ́ ilé gogoro tí a fi ń mú omi tutù fún ilé iṣẹ́ mànàmáná ní Willow Island, West Virginia, ní Amẹ́ríkà. Ara kọnkéré tí wọ́n dà ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ni wọ́n so irin àti pákó tí wọ́n dúró lé mọ́. Kọnkéré náà já. Ènìyàn 51 kú. Ìwádìí National Bureau of Standards fi hàn pé ohun tí ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó fà á ni pé kọnkéré náà kò tíì lágbára tó ẹrù tí a gbé kọ́ ọ. Òtútù òru ti fà á sẹ́yìn. Ó ti pé ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò tíì gbó.

Ìgúnlẹ̀

Láti 1987 ni ìlànà ASTM C1074 ti wà fún ọ̀nà yìí, a sì ń ri ẹ̀rọ adíwọ̀n-ooru mọ́ inú kọnkéré. Kí a tó tú pákó, ìbéèrè kì í ṣe 'ọjọ́ mélòó ni?' nìkan, bí kò ṣe 'ṣé ó ti gbó?' Ẹ̀mí àwọn tí ó wà lókè àti àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ rọ̀ mọ́ ìdáhùn rẹ̀.