Títa Ọkọ̀ Ìgbòkun Àlòkù

Àwọn àgbà a máa wí pé òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bí ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ nínú ọjà púpọ̀, ẹni tí ó fẹ́ ta ọkọ̀ ojú omi tí ó ti lò kò gbọdọ̀ fi í ṣe ìlànà. Ẹni tí ó ra aṣọ gbígbó pàdánù owó rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ti bàjẹ́ lè pàdánù ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ lójú agbami.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ní etíkun gúúsù nítòsí ìlú Southampton, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní ọkọ̀ ìgbòkun kékeré fún ìgbafẹ́. Bí ọjọ́ ogbó bá dé sí ẹni tí ó ni ọkọ̀, tàbí bí ó bá fẹ́ ra èyí tí ó tóbi jù ú lọ, a tà á fún ẹlòmíràn.

Àbùkù tí ó burú jù lára ọkọ̀ ni èyí tí ojú kò rí. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti igi, kòkòrò inú omi iyọ̀ a máa lu ú ní ihò, omi òjò tí ó bá sì dúró sínú rẹ̀ a mú kí igi náà jẹrà. Bí ó bá jẹ́ ti fáíbà, èyíinì ni fọ́nrán dígí tí a fi oje líle lẹ̀ pọ̀, omi a máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ a sì yọ ìléròrò bí ara ẹni tí iná jó. Lábẹ́ ọkọ̀ ni irin tàbí òjé wúwo wà, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dojú rẹ̀ dé; àwọn irin ìdè tí ó so ó mọ́ ọkọ̀ lè dógùn-ún láìsí ẹni tí ó mọ̀.

Nítorí náà ni olùrà tí ó gbọ́n fi ń bẹ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ lọ́wẹ̀. Wọn a gbé ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀, onítọ̀hún a sì fi òòlù kékeré kàn án kiri. Ibi tí ó dára a dún gooro. Ibi tí ó bàjẹ́ a dún bí igbá tí ó ti sán.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi dandan mú ẹni tí ń ta ọkọ̀ ara rẹ̀, tí kì í ṣe oníṣòwò ọkọ̀, pé kí ó wá gbogbo àbùkù rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n òfin ọjà títà ti 1979 wí pé ohun tí a tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ pé, ‘Ọkọ̀ àtàtà ni, kò sí ohun tí ó ṣe é.’ Olóòótọ́ yóò kọ báyìí pé: ‘A kọ́ ọkọ̀ yìí ní 1974. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 26. A pààrọ̀ okùn irin tí ó gbé òpó rẹ̀ ró ní 2019, ìwé ẹ̀rí owó rẹ̀ sì wà. Ìgbòkun ńlá ti gbó. A ti rán an ní ibi méjì. Òjò a máa jò wọlé lẹ́bàá fèrèsé apá òsì. A kò tí ì yẹ irin ìdè ìsàlẹ̀ wò láti ìgbà tí a ti rà á.’

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú àpèjúwe yìí: ohun tí ó dára, ohun tí kò dára, àti ohun tí ẹni tí ń tà á kò mọ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó ń fi ibi tí a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò han olùrà.

Lóòótọ́, ìsọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dín owó ọkọ̀ kù. Ṣùgbọ́n bí olùyẹ̀wò bá rí àbùkù kan tí a fi pamọ́, olùrà kò ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ náà gbọ́ mọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Lójú òkun, ọjọ́ náà lè jẹ́ ọjọ́ ìjì.