Wíwá Olódòdó Tó Jẹ́ Olódodo

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nínú oṣù Kejìlá. Ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin ku ọ̀la nígbà tí ọkọ̀ tó gbé òdòdó láti Èkó tó wọ Ilé-Ifẹ̀. Inú páálí ni wọ́n kó àwọn róòsì náà sí, wọ́n sì ti páálí ọ̀hún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí kò sí omi, tí kò sí atẹ́gùn. Nígbà tí a ṣí i, gbogbo wọn ti sorí kọ́ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá wí. Àbúrò mi wo inú páálí náà títí, kò sọ ohunkóhun. Èmi ni mo rí olódòdó náà lórí Instagram, èmi ni mo san gbogbo owó rẹ̀ láìku kọ́bọ̀, èmi náà sì ni gbogbo ojú ń wò.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àmì ohùn nìkan ló ya olódòdó sọ́tọ̀ kúrò lára olódodo. Ẹni tó bá ń múra ìgbéyàwó, méjèèjì ló yẹ kó wá lára ẹnì kan ṣoṣo.

Òótọ́ ni pé òdòdó kò sí lára ẹrù ìdána tí àwọn baba wa là kalẹ̀. Orógbó, obì, ataare, oyin, iyọ̀ àti iṣu la mọ̀. Ní Ifẹ̀ níbí, ewé ló ní iyì níbi ayẹyẹ: ewé akòko la fi ń jẹ oyè. Ìdì òdòdó ọwọ́ ìyàwó bá ṣọ́ọ̀ṣì àti aṣọ funfun wọlé ni. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1840, ìtànná igi ọsàn ló fi ṣe orí lọ́ṣọ̀ọ́. Lónìí, òdòdó ti wọ inú ìdána fúnra rẹ̀. Bí ìyàwó kò bá mú abẹ̀bẹ̀ dání, òdòdó ni yóò mú, ẹbí ọkọ mìíràn a sì máa fi í lé lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó bá dùn mọ́ ìyàwó ni kí a ṣe.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni bí òdòdó ṣe ń rìn. Róòsì kò fẹ́ràn ooru wa. Ibi òkè tó tutù ni wọ́n ti ń rí i gbìn dáadáa, bí agbègbè Jos ní ìpínlẹ̀ Plateau, tàbí etí adágún Naivasha ní Kenya, tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó o lọ sí Yúróòpù. Èyí tó bá dé Èkó ti rìn jìnnà, ó sì tún ku nǹkan bí 200 kìlómítà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi olódòdó kì í ṣe “Èló ni?” bí kò ṣe “Ọjọ́ wo ni ẹ gé e, inú kí ni yóò sì wà lójú ọ̀nà?”

Aládùúgbò wa kan ló mú mi lọ bá ìyá àgbà kan tó ń gbin òdòdó sínú ọ̀rá dúdú lẹ́bàá títì. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó yẹ páálí náà wò.

“Ọmọ mi, kí ni wọ́n ní kí o ṣe fún un tó bá dé?”

“Wọn ò sọ nǹkan kan, mà.”

Ó mi orí, ó ní kí n lọ pọn omi wá. Ó ki ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan bọ omi, ó sì fi ọ̀bẹ mímú gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ó ní bí a bá gé e ní gbangba, afẹ́fẹ́ a wọ ihò tí omi ń gbà gòkè, a sì dí i. Ó já àwọn ewé ìsàlẹ̀ dànù, nítorí ewé tó bá rì sínú omi a máa jẹrà. Lẹ́yìn náà ló fi ìwé ìròyìn wé wọn, tó sì fi wọ́n sùn nínú garawa omi ní yàrá tó ṣókùnkùn. Ní òwúrọ̀, nǹkan bí ìdajì ti jí.

Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé croton kún àlàfo. Mo tọ́ka sí hibiscus tó pupa fòò nínú ọgbà rẹ̀. Ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìtànná rẹ̀ ń lò. Mo tún tọ́ka sí dieffenbachia, ewé aláwọ̀ tótòtó tí a fi ń ṣe ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ní oje rẹ̀ a máa yún ara, ṣé mo fẹ́ kí ìyàwó máa họ ọwọ́ níwájú àlùfáà ni?

Àwòrán tí mo rí lórí Instagram, mo padà mọ̀ pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Nítorí náà, ẹ ní kí olódòdó fi fídíò iṣẹ́ tó ṣe láìpẹ́ hàn yín, kí ẹ sì bá ẹni tó ṣe é fún sọ̀rọ̀. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: iye ìdì, irú òdòdó, èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ bí kò bá sí, wákàtí tí yóò dé, ẹni tí yóò gbà á. Ẹ pín owó náà sí méjì ó kéré tán, kí apá kan kù títí òdòdó yóò fi dé. Bí ó bá jẹ́ lílì ni, ẹ rí i pé ó yọ lẹ́búlẹ́bú àárín rẹ̀, torí pé àbàwọ́n rẹ̀ kì í tètè kúrò lára aṣọ funfun. Ní ti orí tábìlì àwọn àlejò, òdòdó aláṣọ tí a yá ti tó lójú tèmi, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ọwọ́ ìyàwó nìkan ni kí tútù wà.

Aago méje òwúrọ̀ Sátidé ni ìyá náà fúnra rẹ̀ gbé ìdì òdòdó wá nínú garawa. Ó kéré sí èyí tí a rò, ṣùgbọ́n àbúrò mi gbà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi pamọ́ sínú omi títí ọkọ̀ fi dé.

Mo dá garawa náà padà ní ọjọ́ Ajé. Ìyá bi mí bóyá mo ti rí owó mi gbà lọ́wọ́ ará Èkó. Títí di òní, n kò tíì rí i gbà.